Ibi ìwakùsà tánńganran ní Geevor: ìtọ́sọ́nà fún ará Èkó tó fẹ́ lọ wò ó

Ọ̀pọ̀ ará Èkó tó ń lọ kí ọmọ tàbí àbúrò ní Ìlú Ọba kì í kọjá Lọ́ńdọ̀nù àti ọjà rẹ̀. Bí ẹ bá lè ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀, Geevor yẹ ní ibi tí èèyàn ń lọ wò. Abúlé Pendeen ló wà, ní Cornwall, gúúsù ìwọ̀-oòrùn England, létí òkun Àtìláńtíìkì. Tánńganran, irin funfun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tin, ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà gba orúkọ Geevor ní 1911, ó kógbá wọlé ní 1990, ó sì di mùsíọ́mù ní 1993. Láti 2006 ni UNESCO ti ka ilẹ̀ ìwakùsà Cornwall àti ìwọ̀-oòrùn Devon mọ́ ogún gbogbo ayé, Geevor sì wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Tánńganran Jos àti ti Cornwall jọ ń ná ọjà kan náà ni. Ní 1931, Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ mẹ́rin tó kọ́kọ́ ṣe àdéhùn láti dín iye tánńganran tí wọ́n ń tà kù, kí owó rẹ̀ má baà já. Nígbà tí owó náà wá já lulẹ̀ ní 1985, òun ló ti Geevor sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, ó sì bá Jos níbi tó ti ń rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ń ba ìbẹ̀wò yìí jẹ́ ni pé àlejò máa ń rò pé inú ihò ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n á sáré wọ ihò, wọn ò ní lò ju bí ìdajì wákàtí lọ, wọ́n á jáde, wọ́n á ní àwọn ti rí i. Ihò tí wọ́n ń mú àlejò wọ̀, Wheal Mexico, ti wà kí Geevor tó dé. Àwọn awakùsà àtijọ́ ló gbẹ́ ẹ, kò sì jìn. Ibi tí Geevor fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lọ sísàlẹ̀ ju 400 mítà lọ, ó gba abẹ́ òkun kọjá. Omi ti bo ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ ìfami ní 1991, kò sì sí àlejò tó lè dé ibẹ̀ mọ́. Orí ilẹ̀ ni ẹ ti máa lóye iṣẹ́ náà, nínú ilé ìlọkùsà pàápàá. Torí náà ni ìtọ́sọ́nà yìí ṣe fi ihò sí ìkẹyìn.

Ní Èkó, kí ẹ tó gbéra

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí mùsíọ́mù Oníkan. Ó ti wà níbẹ̀ láti 1957. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀, kí òṣìṣẹ́ lè ráyè mú yín yíká. Ẹni tó ń bọ̀ láti Mile 2 tàbí Orílé lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó ń já sí Marina. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀, ẹ ti fi owó sí i kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó ń bọ̀ láti Yábàá tàbí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, kí ó wọ ọkọ̀ Ọbálẹ́ndé, kí ó wá fẹsẹ̀ rìn dé Oníkan.

Ẹ béèrè iṣẹ́ irin Igbo-Ukwu lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níkàáwọ́ wọn ló máa ń wà níta, torí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Àwọn iṣẹ́ náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn, ló wú púpọ̀ nínú wọn láàárín 1959 sí 1960. Bàbà, tánńganran àti òjé ni wọ́n pò pọ̀ nínú wọn. Ìdí tí a fi ní kí ẹ kọ́kọ́ wo èyí ni pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí tánńganran ń ṣe, òkúta lásán ló máa rí ní Cornwall. Bàbà nìkan kì í yọ́ títí iná á fi dé 1,085°C. Tánńganran nìkan ń yọ́ ní 232°C. Bí wọ́n bá fi ìdá kan tánńganran mọ́ ìdá mẹ́sàn-án bàbà, iná tí wọ́n máa fi yọ́ ọ á dín kù, á ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n fi ń rọ ọ́, bó bá sì tutù, á le ju bàbà nìkan lọ. Ẹ wo àwọn ìlà tín-ín-rín tó wà lára àwọn ìkòkò àti ìkarahun idẹ Igbo-Ukwu. Bàbà nìkan kì í fẹ́ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ Benin náà kí ẹ fi wé e: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bàbà àti zinc ni, ìyẹn idẹ gidi, kì í ṣe tánńganran.

2. Ẹ dán ara yín wò. Àwọn ibì kan nínú ihò Wheal Mexico lọ sílẹ̀, wọ́n sì há débi pé àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó kọjá. Nílé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní mítà 1.5 sókè. Ẹ tẹ̀ títí orí yín fi wà lábẹ́ ìlà náà, kí ẹ rìn lọ rìn bọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹ̀yìn tàbí orúnkún bá ké, ẹ ti mọ̀ nìyẹn. Kò ní kẹ́ ẹ má lọ sí Geevor, torí ọ̀pọ̀ ohun tó wà lórí ilẹ̀ kò béèrè pé kẹ́ ẹ tẹ̀, àmọ́ ẹ má wọ ihò. Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já níbi tóóró, kí ó sọ fún amọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Amọ̀nà lè fi í síwájú tàbí sẹ́yìn, ibi tí á ti rọrùn láti mú un jáde. Bó bá sọ ọ́ tán nígbà tí wọ́n ti wà láàárín, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa dúró.

3. Ọ̀rọ̀ ìlera ṣe kókó, òtútù ló sì fà á. Inú ilẹ̀ níbẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 10 sí 12°C lọ, ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò. Omi ń kán, ilẹ̀ sì ń tutù. Ọyẹ́ Èkó kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí òtútù àti àìmu omi tó jẹ́ ohun méjì tó máa ń ta ìrora egungun jí. National Sickle Cell Centre wà ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì LUTH, fún ẹni tí kò bá ní dókítà kan pàtó. Bí dókítà bá gbà, ẹ wọ aṣọ lé aṣọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ mu omi láti òwúrọ̀, kẹ́ ẹ sì fi oògùn sínú báàgì tó wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe inú àpótí tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ní ikọ́ fée, kí ínhélà rẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ gan-an. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má fo oògùn òwúrọ̀ nítorí pé ó ń sáré bá ọkọ̀ ojú irin.

4. Bàtà. Ẹ wá bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ní ìlà jíjìn. Ẹ lè rí i rà ní òkìrìkà Yábàá tàbí Kàtàńgúà, owó rẹ̀ kò sì ní tó ìdajì ti tuntun. Àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìtẹ̀lẹ̀ àwọn bàtà orí òkè kan jẹ́ fóòmù polyurethane, èyí tí ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin bíi ti Èkó máa ń jẹ láti inú. Ó lè dà bíi tuntun lójú, kó sì já kúrò lẹ́sẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ìtẹ̀lẹ̀ náà gírígírí, ẹ ká bàtà náà po bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ bá rí ojú sísán tín-ín-rín, tàbí tí ẹ̀tù bíi ìyẹ̀fun bá lẹ̀ mọ́ ìka yín, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Èyí tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà láti òkè délẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ rìn kiri àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó rìnrìn àjò, kó má baà bó ẹsẹ̀ yín níbẹ̀.

5. Aṣọ àti irun. Súẹ́tà kan, ẹ̀wù òjò tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, ibọ̀sẹ̀ nínípọn ọ̀nà méjì. Ìkejì ibọ̀sẹ̀ wà fún àtipààrọ̀ lẹ́yìn ihò. Ẹ wọ ṣòkòtò. Ìró àti búbá kò dára níbi àkàbà. Kódà nínú oṣù keje, atẹ́gùn òkun ní Pendeen máa ń le, ẹ má ṣe torí pé oòrùn ràn ní Lọ́ńdọ̀nù fi ẹ̀wù sílẹ̀.

Wọ́n á fún yín ní àṣíborí kí ẹ tó wọ ihò, kò sì sí ẹni tó ń wọlé láìdé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ irun ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ṣùkú máa ń ga ní àtàrí, àṣíborí á jókòó lé e lórí bí ọmọrí tó kéré ju ìkòkò lọ, bí òkúta bá sì kàn án, á ṣí dànù. Kòlẹ́sẹ̀ ló dára jù, torí ó sùn mọ́ orí láti iwájú dé ìpàkọ́. Ẹni tó bá di èyí tó gùn, kó so ó sí ìpàkọ́ nísàlẹ̀, kì í ṣe sókè. Gèlè kò ṣeé ṣe rárá. Ìborùn tín-ín-rín tàbí ìbòrí fẹ́lẹ́ lábẹ́ àṣíborí kò ní ìṣòro. Wíìgì máa ń yí, ẹ fi pín-ìn-nì mú un tàbí kẹ́ ẹ bọ́ ọ.

6. Ọkọ̀ àti àkókò. Láti ibùdó Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù dé Penzance gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbìyànjú láti lọ kẹ́ ẹ sì bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ sun Penzance. Ọkọ̀ ojú irin alẹ́ kan wà tó ní bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n kì í rìn lálẹ́ Sátidé. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Advance máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú ọjọ́ ìrìn, ó sì rọ̀ gan-an ju èyí tí ẹ máa rà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àmọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ ló bá lọ: bí ẹ bá pàdánù rẹ̀ nítorí pé ẹ pẹ́ dé, tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lẹ máa rà. Bí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, ẹ ra Family & Friends Railcard; ó máa ń gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lára owó àgbà, ó sì ń gé ìpín 60 nínú 100 kúrò lára ti ọmọdé. Àwọn méjì tàbí mẹ́ta péré lè rí owó rẹ̀ padà lórí ìrìn yìí nìkan.

Mùsíọ́mù kì í ṣí lójoojúmọ́. Ẹ wo ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ rà á. Ẹ béèrè bóyá ihò ṣí lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, torí omi tàbí àtúnṣe lè mú kí wọ́n tì í nígbà tí ilé yòókù ṣí.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò

Láti Penzance, bọ́ọ̀sì tàbí takisí ló máa gbé yín dé Pendeen, ó sì tó kìlómítà mọ́kànlá. Ẹ dé níbi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ti sanwó tán, ẹ gba àkókò ihò sí ọ̀sán, nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ dé. Bí òṣìṣẹ́ bá sọ pé ẹgbẹ́ kan ń wọlé báyìí, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ ní ẹ máa dúró de ti ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lè kọ̀, ibẹ̀ sì ni ìbẹ̀wò wọn ti ń yí padà.

Inú gbọ̀ngàn ìfihàn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá àwòrán ńlá tí wọ́n fi ohun èlò ṣe, tó fi gbogbo ojú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ hàn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá Victory Shaft lára rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ti ń fa òkúta àti òṣìṣẹ́ sókè, kí ẹ sì fi ojú tẹ̀ lé àwọn ìlà tó yà lọ sábẹ́ òkun. Ẹ wo ibi tí Geevor ti pàdé ti Levant, aládùúgbò rẹ̀. Òkun ti já wọ inú Levant látijọ́, Geevor sì ní láti dí ojú ihò náà ní àwọn ọdún 1960 kí ó tó lè ṣiṣẹ́ síwájú ní apá ibẹ̀. Ẹni tó bá ti rí èyí, nígbà tó bá dúró sí etí òkè lẹ́yìn náà, á mọ ohun tó wà lábẹ́ omi tó ń wò.

Lẹ́yìn náà, ilé ìpààrọ̀ aṣọ. Wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe fi í sílẹ̀ ní 1990: aṣọ iṣẹ́, bàtà, orúkọ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn àpótí. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù, nítorí àwọn kan nínú wọn ti ṣe iṣẹ́ náà rí. Ìbéèrè tó máa ń mú wọn sọ̀rọ̀ dáadáa ni èyí tó dá lórí iṣẹ́ gan-an: ta ló ń lu ihò, ta ló ń fi àdó abúgbàmù sí i, báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó wọn.

Ilé ìlọkùsà wá kàn. Ẹ fún un ní wákàtí kan, ó kéré tán. Tẹ̀lé òkúta náà láti ibi tó ti wọlé. Tọ́ọ̀nù òkúta kan kì í sábà mú tó kìlógíráàmù mẹ́wàá tánńganran wá, torí náà gbogbo ilé ńlá yìí, nítorí bí wọ́n ṣe máa ju ohun tó kù nù ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí á fi dà bí iyanrìn. Bí wọn ò bá lọ̀ ọ́ kúnná tó, tánńganran á ṣì lẹ̀ mọ́ òkúta funfun, á bá a lọ. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná jù, á di ẹrẹ̀, omi á gbé e lọ. Láàárín méjèèjì yìí ni owó wà.

Ẹ dúró pẹ́ níbi tábìlì tó ń gbọ̀n. Pẹpẹ gbọọrọ ni, ó dagun díẹ̀, ó ní àwọn ìlà tó yọ sókè lójú rẹ̀. Omi ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rọ sì ń já a gbà síwájú sẹ́yìn ní ọ̀nà kejì. Òkúta tánńganran wúwo bí ìlọ́po méje omi. Òkúta funfun tó bá a rìn kò tó ìlọ́po mẹ́ta. Omi ń gbá èyí tó fúyẹ́ kọjá ìlà lọ sísàlẹ̀, èyí tó wúwo ń sá pamọ́ sẹ́yìn ìlà, gbígbọ̀n tábìlì á sì máa tì í lọ sí òpin pẹpẹ. Ẹni tó bá ti rí ìyá tó ń fi igbá méjì àti omi yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì Ọ̀fadà ti rí iṣẹ́ náà: ohun tó fúyẹ́ ń bá omi lọ, ohun tó wúwo ń jókòó sídìí igbá. Bí wọ́n bá tan tábìlì kan fún ìfihàn, ẹ tẹjú mọ́ àwọ̀ rẹ̀. Ìlà dúdú tín-ín-rín á yà sọ́tọ̀ lókè, pupa tàbí àwọ̀ eérú á tẹ̀ lé e, funfun á gba ìsàlẹ̀. Ìlà dúdú yẹn ni gbogbo ilé náà ń wá. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ.

Ní Cornwall àtijọ́, obìnrin àti ọmọbìnrin ló ń fi òòlù fọ́ òkúta lórí ilẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin nìkan rárá, ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọbìnrin tó bá yín lọ.

Inú ihò

Ẹ tọ̀ kí ẹ tó wọlé, kò sí ilé ìtọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ fi báàgì ńlá sílẹ̀, ẹ so okùn bàtà le. Fóònù inú àpò, kí ọwọ́ méjèèjì wà lófo, torí ẹ máa nílò wọn lára ògiri. Tí amọ̀nà bá ní "orí", ẹ tẹ̀ kí ẹ tó wò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbójú sókè wò ni àṣíborí rẹ̀ máa ń gba òkúta. Ọmọdé ni kó wà níwájú òbí, kì í ṣe lẹ́yìn.

Amọ̀nà lè pa iná fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ti sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú. Òkùnkùn NEPA kọ́ nìyẹn, torí ní Èkó iná jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tàbí òṣùpá á ṣì gba fèrèsé wọlé, ojú á sì mọ́ra. Nísàlẹ̀ yìí, bó ti wù kẹ́ ẹ dúró pẹ́ tó, ojú kò ní mọ́ra, torí kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tí ojú lè gbà. Àbẹ́là kan tí wọ́n fi amọ̀ lẹ̀ mọ́ fìlà ni awakùsà ayé àtijọ́ fi ń ríran nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣa òkúta sápò, yálà nínú ihò tàbí lórí òkìtì ìta. Yàtọ̀ sí pé kò bófin mu, kùsà Cornwall máa ń ní arsenic nínú. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín àti ti ọmọ kẹ́ ẹ tó jẹ pásítì, oúnjẹ ibẹ̀ tó jọ míìtì-páì. Etí rẹ̀ tó nípọn ló dára láti dì mú.

Bí ọjọ́ bá ṣì kù

Ẹ pààrọ̀ ibọ̀sẹ̀, kí ẹ wá fẹsẹ̀ gba ọ̀nà etí òkun lọ sí Levant. Kò jìnnà, àmọ́ etí òkè gíga ló gbà, ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú. National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ibi ìtàn ní Ìlú Ọba, ló ń bójú tó o, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti Geevor. Ẹ̀rọ tí oru omi gbígbóná ń mú ṣiṣẹ́, tí wọ́n fi ń fa òkúta, wà níbẹ̀ láti 1840, wọ́n sì máa ń tan án láwọn ọjọ́ kan. Ẹ béèrè ọjọ́ yẹn ṣáájú. Níbẹ̀ náà ni ọ̀pá tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ ti já ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 1919, tí èèyàn 31 kú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Kí ẹ tó kúrò ní Geevor, ẹ ya fọ́tò àkókò bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn, torí fóònù kì í fi gbogbo ìgbà gbé nẹ́tíwọọ̀kì ní etí òkè yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ni bọ́ọ̀sì máa ń dín kù, pàápàá ní ọjọ́ Àìkú àti nígbà òtútù. Bí ẹ bá rí i pé ẹ máa pẹ́ ní Levant, ẹ ti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ Geevor pe takisí sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún un ní wákàtí tó máa wá gbé yín.